Igi Gogoro Má Gùn Mí Lójú: Ọ̀rọ̀ Lórí Awọ Abẹ́ Ojú àti Àwọn Tí Ń Fi Í Ṣòwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí òwe yìí bá ti ń bá ọ̀rọ̀ mu tẹ́lẹ̀, ó bá ti òní mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ojú gan-an ni igi náà fẹ́ gún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lórí awọ abẹ́ ojú: awọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ó wà láàárín ẹyinjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó máa ń fẹ́lẹ́, tí ó sì máa ń hunjọ bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè. Láti Ìlọrin dé Ọ̀ffà, láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja, títí kan Èkó àti Ìbàdàn, àwọn kan ti sọ awọ yìí di oko, wọ́n sì ń kórè owó níbẹ̀. Ẹ dé ọjà, ẹ ó rí ike ìpara lóríṣiríṣi tí a kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó sí lára. Ẹni tí ń tà á á sì fi ẹnu dídùn sọ fún yín pé bí ẹ bá fi pa abẹ́ ojú fún ọjọ́ méje péré, ìhunjọ á pòórá, ojú á sì dán bí awò.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èkíní, ìhunjọ abẹ́ ojú àgbàlagbà kì í ṣe àrùn. Ẹ̀kejì, àwọn ìpara abóra tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ọjà wa fún ìtọ́jú rẹ̀ gan-an ni ó ń ba awọ náà jẹ́, tí ó sì lè ba ojú jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, ìtọ́jú tòótọ́ wà, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó ní ewu tirẹ̀, kì í sì í ṣe orí àtẹ ni a ti ń rà á. Ẹni tí ó bá ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe òótọ́, kí ó bá mi ká lọ.

Irú awọ tí ó jẹ́

A kò lè dá ọjà èké mọ̀ láìmọ ohun tí wọ́n ń tà á fún. Ní gbogbo ara ènìyàn, kò sí ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ tó ti ìpéǹpéjú. Kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà kan lọ, nígbà tí ti àtẹ́lẹsẹ̀ nípọn ní ìlọ́po-ìlọ́po jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ń sun epo sí awọ, tí wọ́n pọ̀ lórí imú àti iwájú orí, kò pọ̀ níbẹ̀. Iṣan tí a fi ń pa ojú dé ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, iṣan yìí kì í sì í sinmi. A rẹ́rìn-ín, ó hun awọ jọ. A fojú ko oòrùn, ó hun awọ jọ. Kódà bí a bá kàn ń ṣẹ́jú lásán, iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé ibẹ̀ wà lára ibi tí ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ ń fara hàn.

Èròjà kan wà nínú awọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen. A lè fi í wé òpó àti igi àjà tí ó gbé ilé ró. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní elastin, èyí tí ó ń mú kí awọ nà, kí ó sì padà sí ipò rẹ̀ bí okùn rọ́bà. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti di géńdé ni collagen ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Oòrùn ń bà á jẹ́. Èéfín sìgá ń bà á jẹ́. Fífi ọwọ́ ra ojú ṣáá kì í ṣe é ní oore. Bí òpó bá ti ń dín kù, òrùlé á máa rọ̀ wálẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìhunjọ nìyẹn.

Ẹlẹ́dàá sì ti fún àwa aláwọ̀ dúdú ní ọrẹ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ iyì rẹ̀. Melanin ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń mú kí awọ dúdú. Kì í ṣe ọ̀dà lásán, ibòòji ni. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1979 fi hàn pé nínú ìtànṣán oòrùn tí ń jó awọ, nǹkan bí 7 nínú 100 ni ó ń la òkè awọ adúláwọ̀ kọjá, nígbà tí nǹkan bí 24 nínú 100 ń la ti aláwọ̀ funfun kọjá. Èyí wà lára ìdí tí ojú àwọn ìyá wa kì í fi í tètè hunjọ bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ òyìnbó. Orùlé tí a kò san owó fún ni. Ẹni tí ó bá wá fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí yóò fi ṣí òrùlé náà, kí ni kí á pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí ó ta àrùn ni ó ń ta oògùn

Àwọn ọlọ́jà kì í pe ọjà wọn ní oògùn abóra. Wọ́n mọ̀ pé orúkọ náà ti bàjẹ́. 'Tóònù' ni wọ́n ń pè é lóde òní, àbí 'ìpara àpòpọ̀', àbí 'ìpara atúnniṣe'. Orúkọ yí padà, ohun tí ó wà nínú ike kò yí padà. Mẹ́ta ni àwọn ọ̀gá inú rẹ̀: sítẹ́rọ́ìdì, hydroquinone àti mẹ́kúrì. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sítẹ́rọ́ìdì tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìpara wọ̀nyí ni èyí tí a ń pè ní clobetasol. Oògùn gidi ni. Àwọn dókítà ń lò ó fún àrùn awọ tí ó le koko, fún ìwọ̀nba ọjọ́, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ gidigidi pé kí a má fi í kan ojú. Olùtajà orí àtẹ kì í kìlọ̀. Bí a bá kọ́kọ́ fi í pa ojú, inú ẹni á dùn: àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á súnkì, wíwú á lọ, ojú á mọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́lẹ̀, ó ń dá iṣẹ́ collagen dúró. Awọ tí kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ tẹ́lẹ̀ á tún máa fẹ́lẹ́ sí i. Òpó ẹ̀jẹ̀ á hàn lára rẹ̀ bí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́. Awọ á hunjọ bí bébà tí a fún mọ́wọ́. Oníbàárà á wo dígí, á rí ìhunjọ tí kò sí níbẹ̀ ní èṣí, á sì sáré padà sí ìsọ̀. Ọlọ́jà á wá rẹ́rìn-ín músẹ́: 'Ẹ má mikàn, àǹtí mi, ẹ ra èyí tí ó lágbára jù ú lọ.' Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ta àrùn ṣe tún ń ta oògùn rẹ̀, tí oògùn náà sì tún jẹ́ àrùn kan náà nínú ike mìíràn. Bí oníbàárà bá sì ní òun ó jáwọ́ lójijì, ojú á pọ́n, á wú, á máa ta á bí iná, títí tí yóò fi tún padà sídìí ike. Ìdè ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ burú sí jù kọ́ nìyẹn. Sítẹ́rọ́ìdì tí a fi pa ìpéǹpéjú kì í dúró sórí awọ nìkan; ó lè wọ inú ẹyinjú. Bí lílò rẹ̀ bá pẹ́, ó lè mú kí omi inú ẹyinjú há, kí ìfúnpá rẹ̀ sì ga sókè, kí ó di àrùn glaucoma. Àrùn yìí kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìran ni ó ń jí lọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ìran tí ó bá sì ti jí lọ, kò sí dókítà tí ó lè dá a padà. Ó tún lè mú kí dígí inú ẹyinjú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, di bàìbàì. Ẹ wò ó: ènìyàn ń tọ́jú abẹ́ ojú kí ayé lè máa wò ó, ó wá di ẹni tí kò lè wo ayé mọ́.

Ní ti hydroquinone, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dí ọ̀nà tí ara ń gbà ṣe melanin. Ó ń ṣí òrùlé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á sì ráyè wọlé wá jó òpó. Ẹni tí ó ń sá fún ìhunjọ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un yẹn. Àwọn tí wọ́n bá sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lè rí ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu: dípò kí ojú pupa, á di aláwọ̀ eérú, á ní àbàwọ́n dúdú tí ó fẹ́ jọ aró, pàápàá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní àyíká ojú. Ìlú South Africa ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí ní 1975, ìjọba ibẹ̀ sì fi òfin lé hydroquinone kúrò nínú ohun ìṣaralóge ní 1990. Àbàwọ́n náà ṣòro láti wò sàn títí di òní.

Mẹ́kúrì ni ó burú jù nínú wọn. Májèlé ni, kò ní orúkọ mìíràn. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́, ó sì lè ti ara aboyún kọjá sí ara ọmọ inú. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí àdéhùn Minamata ní 2013. Ó di òfin ní 2017. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi 2020 ṣe òpin fún ṣíṣe ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ nínú mílíọ̀nù kan, àti fún kíkó o wọ̀lú. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Òfin àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, kò fàyè gba mẹ́kúrì àti sítẹ́rọ́ìdì nínú ohun ìṣaralóge. Ní 2023, ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, kéde pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè wa. Òfin wà nínú ìwé. Ọjà wà lórí àtẹ. Èwo nínú méjèèjì ni ó ń jọba?

Àwọn àwíjàre tí a ń gbọ́

Àwíjàre kìíní: 'Ara mi ni, kò kan ẹnikẹ́ni.' Ara rẹ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bá bàjẹ́, ta ni yóò máa fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà? Ọmọ rẹ ni. Nígbà tí mẹ́kúrì bá wọ ara aboyún, ara ta ni ó wà? Ara ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun dá wà, àfi bí kò bá ní ìyá, tí kò ní ọmọ, tí kò sì ní ará.

Àwíjàre kejì: 'Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é.' Àwọn tí ó ń sọ èyí máa ń tọ́ka sí iye kan tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn oníròyìn, pé 77 nínú 100 àwọn obìnrin Nàìjíríà ni ó ń bóra. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Iye yìí bá èyí tí a rí nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2002 mu, àwọn ọlọ́jà ní Èkó ni a sì ṣe ìwádìí náà láàárín wọn. Kì í ṣe gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè yìí. Bí a bá ń tún un sọ bí ẹni pé gbogbo ilé ni, àwa gan-an ni a ń polówó ọjà fún àwọn tí ń tà á. Ọmọdébìnrin tí ó bá gbọ́ pé gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é á rò pé òun nìkan ni ó ṣẹ́kù. Irọ́ ni. Àwọn tí kò bóra pọ̀, ariwo ni wọn kì í pa.

Àwíjàre kẹta: 'Ọkọ, tàbí ẹni tí ń gbani síṣẹ́, ni ó fẹ́ ojú tí ó pupa, tí kò hunjọ.' Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹnu fẹ́ dànù, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń fi ojú àwọ̀ wo ìyàwó. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń wá ojú kékeré sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ni mo kọjú ọ̀rọ̀ sí níhìn-ín. Ẹ̀yin ọkùnrin, ewú orí tiyín, iyì ni ẹ ń pè é. Kí ló dé tí ìhunjọ ojú ìyàwó yín fi di ẹ̀gàn? Yorùbá ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Òwe náà kò sọ pé ọkùnrin nìkan ni ó gbọ́dọ̀ dàgbà. Obìnrin tí ó bí ọmọ márùn-ún, tí ó jí ní òru tì wọ́n, tí ó fojú ko èéfín ìdáná àti oòrùn ọjà fún ogójì ọdún, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè awọ ojú tí ó jọ̀lọ̀. Ẹni tí ó bá sì ń fi ẹ̀gàn lé e lọ sídìí ike májèlé pín nínú ẹ̀bi ọlọ́jà.

Àwíjàre kẹrin ni ó fẹ́ gbọ́n jù: 'Àwọn ìyá wa náà ń ṣe ojú lóge. Wọ́n kun osùn, wọ́n lé tìróò, wọ́n le làálì. Kí ló wá burú nínú tiwa?' Ìdáhùn mi pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní, osùn àti làálì ń bu ẹwà kún àwọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Wọn kì í wá a kúrò. Nínú oríkì wa, a ń ki adúmáadán, a sì ń ki apọ́nbéporé. Olúkúlùkù ni a ń ki sórí àwọ̀ tí a bí i mọ́. N kò rí ibi tí a ti ki ẹni tí ojú rẹ̀ pupa, tí oríkèé ìka rẹ̀ sì dúdú. Ọ̀nà kejì, n kò ní sọ pé gbogbo ohun tí ó jẹ́ tiwa ni ó dára. Òjé máa ń wà nínú tìróò tí a ń tà ní ọjà. Ní 2011, àwọn dókítà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà rí ọmọ jòjòló kan tí òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí tìróò láti Nàìjíríà tí a ń fi lé ojú rẹ̀. Òdiwọ̀n kan náà ni kí á fi wọn ti ilé àti ti òkèèrè: kí ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni ó sì ń ṣe sí ara? Ẹni tí ó bá fi àṣà bo májèlé mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ọ̀làjú bò ó.

Ìtọ́jú tí ó wà ní tòótọ́

Bí a bá ti ń lé ènìyàn kúrò ní ọ̀nà tí kò dára, ó yẹ kí á fi ọ̀nà tí ó dára hàn án. N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àgbàlagbà fẹ́ kí ojú òun dán. Ohun tí ó wu ni ni ó ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó mọ ohun tí ó ń rà.

Èyí tí ó rọrùn jù, tí ó sì dájú jù, ni dídáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn: fìlà tàbí akẹtẹ̀ tí ó ní etí gbòòrò, agboòrùn, àwò dúdú, àti ìpara tí ń dí oòrùn lọ́wọ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a. Kí a jáwọ́ nínú sìgá. Kí a má máa fi ọwọ́ ra ojú. Òrí tí àwọn ìyá ń fún ní agbègbè Kwara àti Ṣakí ń mú kí awọ rọ̀, kò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ìhunjọ tí gbígbẹ fà lè dín kù. Ṣùgbọ́n òrí kò lè tún òpó tí ó ti wó kọ́, ẹni tí ó bá sì ní ó lè ṣe é ń parọ́ mọ́ òrí.

Oògùn tí a rí ẹ̀rí rẹ̀ ni ìdílé àwọn tí à ń pè ní retinoid, tretinoin sì ni ògbólógbòó nínú wọn. Láti àárín ọdún 1980 sí 1989 ni ìwádìí ti ń fi hàn pé ó lè mú kí awọ tún ṣe collagen díẹ̀. Oṣù ni a fi ń ka èrè rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ méje. Ó máa ń ta awọ, ó ń mú kí ó bó fúlẹ́fúlẹ́, kò gbọdọ̀ kan ẹyinjú, aboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó. Nítorí náà, dókítà ni kí ó fún ni.

Abẹ́rẹ́ botulinum, tí ayé mọ̀ sí Botox, ni àwọn tọkọtaya dókítà kan ní Canada, Jean àti Alastair Carruthers, kọ ìwé lé lórí ní 1992 gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó lè mú ìhunjọ ojú lọ. Ó ń mú kí iṣan rọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó wúlò fún ìlà tí ẹ̀rín ń fà ní igun ojú. Kò lè mú kí awọ tí ó fẹ́lẹ́ nípọn. Abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí ó ń dí kòtò abẹ́ ojú. Ó lè dí kòtò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń gún un bá ṣe àṣìṣe, tí ohun inú rẹ̀ wọ òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ojú, ojú lè fọ́ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí sì ni àwọn kan ń gún fún ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí! Iná laser ń fi ooru ru awọ sókè kí ó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Lórí awọ dúdú, bí ẹni tí ń lò ó kò bá mọ̀ ọ́n lò, ojú àpá dúdú ni yóò kù síbẹ̀. Ní ìparí, iṣẹ́ abẹ wà, èyí tí a fi ń gé awọ tí ó pọ̀ jù kúrò. Bí a bá gé e jù, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ á fà wálẹ̀, ojú kò ní lè pa dé dáadáa, á sì máa gbẹ.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó ń sọ àgbà di ọmọdé, kò sì sí ọ̀kankan tí kò ní ewu. Dókítà onímọ̀ awọ ara tàbí dókítà ojú ni ó yẹ kí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí kò bá lágbára àtirí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ohun púpọ̀ bí ó bá fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo ìpara àpòpọ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ara rẹ̀ wò. Kí ó mú ike náà lọ́wọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n sì bá a wọn ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó já lé àwa elédè Yorùbá léjìká

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ awọ ojú ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ìdáhùn mi ni pé èdè ni ìdajì ọ̀ràn yìí. Ẹ gbé ike kan wò. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni gbogbo ohun tí a kọ sí i lára. Ìkìlọ̀, bí ó bá tilẹ̀ wà, tín-ín-rín ni, ní èdè tí ẹni tí ń rà á kò lè kà. Ìpolówó nìkan ni a ń gbọ́ ní Yorùbá, láti ẹnu gbohùngbohùn orí ọkọ̀. Ìyẹn ni pé èdè wa ti di èdè tí a fi ń tan ènìyàn, nígbà tí òtítọ́ wà ní èdè àjèjì. Ẹ̀gàn wo ni ó tó èyí fún wa?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ni ẹ fẹ́ jẹ́. Láìpẹ́, ẹ ó dúró níwájú àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ orí tí dígí ti ń di ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Bí ìpéǹpéjú yín bá ti fẹ́lẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín pupa, tí oríkèé ìka yín dúdú, ẹ̀kọ́ wo ni ẹ fẹ́ fi ẹnu kọ́ wọn tí ojú yín kò ti tako? Ní 1976, Fẹlá Aníkúlápó Kútì gbé àwo 'Yellow Fever' jáde láti fi bú bíbóra. Ó ti lé ní ogójì ọdún, àwọn tí ó jó sí i kò níye, ọjà náà kò sì kú. Orin nìkan kò tó. A nílò àlàyé tí ó yé ènìyàn, ní èdè tí ó yé e.

Nítorí náà, mo béèrè nǹkan mẹ́ta. Kí àjọ NAFDAC mú un ní dandan kí ìkìlọ̀ ara ike wà ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, ní ọ̀rọ̀ gbàǹgbà. Kí àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí kọ ìwé ìléwọ́ ní Yorùbá tí ó já gaara lórí sítẹ́rọ́ìdì, hydroquinone àti mẹ́kúrì, kí a sì pín in ní ọjà, ní mọ́sálásí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì pe bíbóra ní 'tóònù' mọ́. Onígbá ni ó ń pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́ kí wọ́n tó bá a fi kó ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá pe májèlé ní oge ni ó ń sọ ọ́ di ohun ìyangàn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà á, ẹ má sọ pé ebi ni ó rán yín. Òrí wà láti tà, ọṣẹ dúdú wà, àdín wà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ohun tí òun ń tà ń fọ́ ojú, tí ó sì ń tà á, kì í ṣe oníṣòwò mọ́.

Ìhunjọ abẹ́ ojú ni àmì pé a ti rẹ́rìn-ín, a ti sunkún, a sì ti pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ojú wa, kí á fi rí ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Igi gogoro ṣì wà lókèèrè fún àwọn tí kò tíì fọwọ́ kan ike. Àwọn tí ó ti sún mọ́ wọn, ẹ tètè yà fún un.